Ẹ Wo Ẹyinjú Ọmọ Kí Ẹ Tó Gbé Abẹ

Bí o bá wọ ilé èyíkéyìí ní abúlé wa ní àsìkò ààwẹ̀ Kérésìmesì, òórùn elégédé sísun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. A kì í jẹ ẹran, a kì í mu wàrà, a kì í fọwọ́ kan ẹyin títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Elégédé ni oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀wà ni ti ọ̀sán. Búrẹ́dì ni ti alẹ́, pẹ̀lú tàtàṣé tí a ti sun, tí a lọ̀, tí a fi epo rọ sínú ìgò láti ìgbà ìkórè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

Ilé Stamena kò yàtọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ni Stamena, ọgbà onígi kan ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Vinka, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú Neda, ọmọbìnrin Vinka, tí kò tíì tó wọ ilé ìwé. Ratko, ọkọ Vinka, ń wa ọkọ̀ àjàgbé ní Austria. Kì í wálé àfi tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Vinka ń fọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì dúró.

"Ìyá, ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ yìí."

Stamena mú ọwọ́ Neda lọ sí ojú fèrèsé. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà pọ́n bí ìyeyè.

"Ó fi ọwọ́ kan nǹkan ni. Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

"Mo ti fọ̀ ọ́, Ìyá. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà."

Stamena wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn jókòó sórí àpótí igi ìdáná. "Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni," ó wí. "Olúwa, kí la ṣe?"

Ohun tí àwọn àgbà ìlú wa gbà gbọ́ ni pé àwọ̀ ló ń lé àwọ̀. Bí ara ẹnìkan bá pọ́n, ohun pípọ́n ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Stamena so ìborùn aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ó ju owó wúrà ìyá rẹ̀ sínú ife tí ọmọ náà fi ń mu omi. Ó rin káróòtì, ó fún omi rẹ̀, ó ń fún un mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Elégédé tí ọmọ náà ń jẹ tẹ́lẹ̀ wá di ìlọ́po méjì.

Neda kò ṣàròyé. Ọmọ tó fẹ́ràn elégédé ni. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú náà ti ń pọ̀ sí i ni àwọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ó dé imú, ó yí ẹnu ká. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dá ọmọ náà padà, ó ní kí ó má wá mọ́ títí yóò fi mọ́ lára. Zorka, obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wọn mọ́.

"Káróòtì ò tó," Stamena wí níkẹyìn. "A ó pe Gligor."

Gbogbo abúlé ló mọ Gligor. Òun ló jogún abẹ bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ara rẹ̀ pọ́n wá bá a, yóò ní kí onítọ̀hún gbé ahọ́n sókè, yóò sì fi abẹ ya ìṣàn ẹ̀jẹ̀ abẹ́ ahọ́n. Ó ní ibẹ̀ ni ibà náà ń gbé. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń ṣe é, kí ẹni náà tó fi nǹkan kan ẹnu.

Èmi mọ abẹ yẹn dáadáa. Àbúrò mi obìnrin, Persa, ni wọ́n fi gé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ibà náà bá a nítòótọ́. Bàbá Gligor gé e, ẹ̀jẹ̀ jáde, ara rẹ̀ dà bíi pé ó fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n jó, wọ́n ní ó ti sàn, wọn kò gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀hún ló sì kú sí. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ búrẹ́dì nílé àwọn Gligor. Tí ìdílé wọn bá ń ṣe ọdún ẹni mímọ́ wọn, ìta ọgbà wọn ni mo máa ń gbà kọjá, n kì í sì í yíjú.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Vinka wá bá mi lẹ́bàá ọgbà.

"Bàbá Toza, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gé e."

"Kí ni Ratko wí?"

"Mo pè é. Ó ní ohun tí ìyá òun bá sọ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mo bí i, kì í ṣe Ratko."

Mo bi í bóyá ọmọ náà ń jẹun.

"Ó ń jẹ bíi pé wọ́n rán an ni."

"Ó ń ṣeré?"

"Ó lé ológbò wọ ilé igi ìdáná lánàá, ó tún wọlé tọ̀ ọ́."

"Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó mọ́ bí omi."

Ìtọ̀ Persa dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná. Oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, kò lè gbóòórùn rẹ̀. Mo rántí gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún Vinka pé, "Èmi ò mọ ohun tó ń ṣe Neda, ṣùgbọ́n ohun tó pa àbúrò mi kọ́ nìyí. Wọ aṣọ tó nípọn fún un lọ́la. Ìlú là ń lọ."

"Gligor á ti dé kí a tó jáde."

"Jẹ́ kó dé."

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo wa katakata mi jáde, mo sì fi dínà géètì Stamena pátápátá. Kò pẹ́ tí Gligor fi yọ. Ó wọ kóòtù rẹ̀ gígùn, ó dé fìlà irun àgùntàn bo iwájú orí títí dé ìpéǹpéjú. Zorka tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ìnura funfun lọ́wọ́. Obìnrin tó ń sá fún ọmọ wa, òun ló wá fẹ́ di ọmọ náà mú fún abẹ.

"Toza, gbé irin rẹ kúrò lọ́nà," ni Gligor wí.

"Kò ní epo."

"Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń dún."

"Òtútù ló ń mú un. Ó ń gbọ̀n."

Zorka fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé òun kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Gligor ti ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù, ó ń họ apá. "O ti pẹ́ tí o ti ń bínú sí mi nítorí ohun tí bàbá mi ṣe. Má fi ọmọ ọlọ́mọ gbẹ̀san."

"Bàbá rẹ kú. Abẹ náà kò kú. Abẹ ni mò ń bá jà."

Ìlẹ̀kùn ṣí. Vinka dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé Neda mọ́ra nínú kúbùsù. Stamena wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fà á láṣọ.

"Bàbá Gligor, ẹ kú òtútù," Vinka wí. "Ẹ máa padà lọ sílé."

"Ìyá ọkọ rẹ ló pè mí."

"Ìyá ọkọ mi kọ́ ló lóyún rẹ̀."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti bí ọ?"

"Níbi tí wọ́n ti bí mi, àgbà kì í mú abẹ wá kí ọmọdé."

Gligor na ìka sí i. "Bí ibà yẹn bá dé ọkàn, ẹ má pè mí o."

"A ò ní pè yín."

Stamena wá sọkún. "Vinka, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wa. Ọsibítù á tì í mọ́ yàrá àwọn tí àrùn wọn ń ràn. Á ṣe Kérésìmesì níbẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ̀."

Ohùn Vinka rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. "Ẹ bá wa lọ, Ìyá. Bí wọ́n bá fẹ́ gbà á, àwa méjèèjì la ó jọ dì í mú."

Stamena wo Gligor, ó wo ọmọ. Ó wọlé. Mo rò pé ó ti kọ̀. Nígbà tó jáde, ó ti wọ kóòtù, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọmọ náà dání. Elégédé sísun ló kún inú rẹ̀.

Mo fi katakata gbé wọn dé ọ̀nà ńlá, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú.

Dókítà kan gbà wá wọlé. Ó wo ọwọ́, ó wo ẹsẹ̀. Ó wá fi ìka fa ìpéǹpéjú Neda wálẹ̀, ó sì pè wá kí a wá wò ó. Ẹyinjú ọmọ náà funfun bí wàrà tí ààwẹ̀ kò jẹ́ ká mu.

"Mọ̀mọ́, kí ló ń jẹ?" ó bi Stamena.

"Oúnjẹ ààwẹ̀. A kì í ṣe kèfèrí."

Neda ti ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó ti bu elégédé kan sẹ́nu. Dókítà wo ọmọ, ó wo elégédé, ó wo apẹ̀rẹ̀.

"Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́. Àti omi káróòtì, láti ìgbà tí ibà ti dé. Àti tàtàṣé inú ìgò."

"Ó jọ pé mo mọ̀ ọ́n," dókítà wí. "Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ ọ́."

Ó ní kí a lọ bá Leposava ní yàrá àyẹ̀wò. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò jágbe mọ́ Neda nígbà tó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ tí ń yí bírí. Nígbà tó mú un jáde, èyí tó pupa ti lọ sísàlẹ̀, omi ara ẹ̀jẹ̀ ti dúró lókè. Omi náà pọ́n bí òróró tuntun.

"Ẹ rí i," Stamena wí. "Ibà náà nìyẹn. Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀."

"Mọ̀mọ́, ẹ ní sùúrù. Oríṣi àwọ̀ méjì ló lè pọ́n báyìí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ọ̀kan ni ti òróǹro. Ìyẹn ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, tàbí tí ọ̀nà òróǹro bá dí. Ìkejì ń wá láti inú oúnjẹ. Karotínì ni wọ́n ń pè é. Òun ló wà nínú káróòtì, òun ló wà nínú elégédé. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìgò yìí. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn fúnra wọn."

Ó da omi ara ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó da sípírítì lé e. Ó tún da omi kan lé e, tó mọ́ gaara tí ń rùn bí epo bẹntiróòlù. Ó dé ìgò náà, ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, ó sì fi í sí ìdúró. A jọ ń wò ó. Neda ń jẹ elégédé.

Inú ìgò náà pín sí méjì. Ìsàlẹ̀ kò ní àwọ̀. Òkè pọ́n bí ìyeyè.

"Ó ti gòkè," Leposava wí. "Ohun tí mo dà lé e kẹ́yìn yẹn, ìbátan epo ni. Àwọ̀ oúnjẹ fẹ́ràn epo, ó máa ń bá a lọ sókè. Àwọ̀ òróǹro kì í bá a lọ. Ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí."

Stamena sún mọ́ ìgò náà. "Ta ló mọ̀ bóyá gbogbo ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bóyá oògùn rẹ ló ń gòkè, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi."

Èmi ìbá ti bínú. Leposava kò bínú. Ó mú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wá, ti ẹnìkan tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tòótọ́ dá dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kò sì sọ orúkọ onítọ̀hún. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Neda. Lọ́tẹ̀ yìí òkè mọ́ gaara, ìsàlẹ̀ ló pọ́n.

Stamena wo ìgò méjèèjì títí. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí epo orí tàtàṣé inú ìgò. Epo máa ń pupa. Omi tó bá ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ kì í pupa."

"Ẹ ti gbà á, Mọ̀mọ́. Ohun kan náà ni."

"Èmi ni mo ń fi kún un," Stamena wí. "Mo ń fún un ní omi káróòtì kó lè mọ́ lára."

"Kò pa á lára. Ẹ dín káróòtì àti elégédé kù, ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ fún un ní ọ̀dùnkún àti àpù. Yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ má retí kó ṣí lọ́la."

Dókítà fi àyẹ̀wò òróǹro kún un kí ó lè dá a lójú, ìyẹn náà kò ní àbùkù. Wọn kò ti ọmọ kankan mọ́ yàrá. A bá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ padà. Vinka gbé Neda mọ́ra títí a fi dé ibi tí mo gbé katakata sí. Ó wá wí pé, "Wọn ìbá ti gé e, wọn ìbá tún máa fún un ní káróòtì. Nígbà tí kò bá sì ṣí, wọn ìbá tún gé e."

Ìròyìn ò gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó kárí abúlé. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gligor ṣe yẹ̀yẹ́ ní ẹnu ìsọ̀. "Gligor, mo ní elégédé kan nílé, wá bá mi gé e lábẹ́ ahọ́n." Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá a lójú kojú ní ẹnu ìsọ̀ náà. Ooru ààrò inú ìsọ̀ ti jẹ́ kó ṣí fìlà. Ó ń họ apá bó ti ń ṣe níwájú géètì lọ́jọ́sí. Oòrùn bọ́ sí i lójú, mo sì rí i. Funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Mo wí pé, "Gligor, báwo ni ìtọ̀ rẹ?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà fẹ́ fi mí ṣeré?"

"Ó dúdú, àbí kò dúdú?"

Ó họ apá rẹ̀ kíkan. Mo mọ̀ pé ó dúdú. Mo ní kó lọ sí ọsibítù, ibà náà wà lára rẹ̀.

"Àní ẹ̀yin náà lẹ sọ pé elégédé ni," ó wí. "Èmi náà ń gbààwẹ̀. Elégédé ni tèmi náà."

Ibi tí ewu wà nìyẹn o. Ẹni tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lè fi kú.

"Elégédé kì í wọ ẹyinjú," mo sọ fún un. "Ọwọ́ ọmọ wa ló pọ́n, ojú rẹ̀ funfun. Tìrẹ ti pọ́n lójú. Gun katakata."

"Lẹ́yìn ohun tí o fi ojú mi rí?"

"N kò tíì ṣe ìdajì ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ọ. Bí o bá kú, ta ni n ó máa bá jà? Gun katakata."

Ó gùn ún.

Ní ọsibítù, dókítà ní kó la ẹnu, kó gbé ahọ́n sókè. Mo dúró nítòsí, mo sì rí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ọgbẹ́ tuntun wà níbẹ̀, ọgbẹ́ tó ti ń jinná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń fi abẹ bàbá rẹ̀ gé ara rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹlẹ́tàn ni mo pè é. Ó gbà á gbọ́ ni.

Leposava gbọ̀n ìgò tirẹ̀, ó fi í sí ìdúró. Òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ pọ́n.

"Gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i," Gligor wí.

Ó gbọ̀n ọ́n. Ìsàlẹ̀ náà ló padà sí.

Òkúta ló dí ọ̀nà òróǹro rẹ̀. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, abẹ tó mọ ibi tí ó ń lọ. Ó jẹ Kérésìmesì ní ọsibítù láàárín àwọn tí kò mọ̀, ó sì padà wálé láàyè. Ó ń kí mi báyìí tí a bá pàdé, mo sì ń dá a lóhùn. N kò tíì jẹ búrẹ́dì nílé rẹ̀. Àbúrò mi ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ohun tí a ní kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Bí ara ọmọ bá pọ́n, ẹ gbé e lọ sójú mọ́mọ́, kí ẹ wo ẹyinjú rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Bí ojú bá funfun, tí ìtọ̀ mọ́, tí ọmọ ń jẹ tó ń ṣeré, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi ń bọ́ ọ, kí ẹ sì dẹ́kun fífi káróòtì wo ohun tí káróòtì fà. Síbẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ojú yín kì í ṣe ìgò Leposava. Bí ojú bá pọ́n ńkọ́, tàbí tí ìtọ̀ dúdú, tí ara ń yún ún, tí oúnjẹ kò wù ú? Ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé elégédé ni. Abẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ oúnjẹ àti àwọ̀ òróǹro. Bí ó bá gé ẹni tí kò ṣàìsàn, ó dá ọgbẹ́ sí i lára lásán. Bí ó bá gé ẹni tó ń ṣàìsàn, ó fi àkókò ìwòsàn rẹ̀ ṣòfò.

Wọn yóò bínú sí yín. Wọn yóò ní ẹ kò mọ àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú, kí ọmọ wà láàyè. Bí ẹ kò bá sì rí ọkọ̀ tí yóò gbé yín dé ìlú, katakata mi wà ní ẹnu géètì. Epo wà nínú rẹ̀.